ÌRAN KÌ Í KỌ́ ÀKÁ

Ẹ̀kọ́ fún gbogbo ọmọ ìjọ, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, lórí bí onígbàgbọ́ ṣe gbọ́dọ̀ jókòó ṣe ètò ayé tó fẹ́ gbé

Ibi kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 41:25-49, Nehemáyà 2:1-18, Lúùkù 12:16-21, Lúùkù 14:28-30.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó dá wa sí di òní, tí kò jẹ́ kí orúkọ ìlú tí à ń gbé yìí ro wá. Ẹ ṣáà mọ ìtumọ̀ Kútọnu lédè Fọn: ẹnu odò ikú ni. Síbẹ̀, lẹ́nu odò ikú yìí ni Olúwa ti ń fún wa ní ìyè, tí à ń bímọ, tí à ń tajà, tí à ń kọ́lé. Ògo ni fún orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá nínú ìwé kékeré yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sọ ọ́ síta: Ta ló ń ṣe ètò ayé mi? Ṣé Ọlọ́run nìkan ni, tí èmi yóò kàn máa ká ọwọ́ lẹ́rán wò? Ṣé ìjọba ni? Ṣé ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Faransé ni? Ṣé orí tí mo gbé wá láti ọ̀run ni? Àbí èmi náà ní iṣẹ́ kan láti ṣe níbẹ̀, tó jẹ́ pé bí n kò bá ṣe é, kò sí ẹni tí yóò bá mi ṣe é?

ÀLÁ FÁRÁÒ ÀTI IṢẸ́ JÓSẸ́FÙ

Ẹ jẹ́ ká wo Jósẹ́fù. Fáráò lá àlá: màlúù méje tó sanra àti méje tó rù, ṣírí ọkà méje tó yọmọ àti méje tó fọ́n. Gbogbo amòye Íjíbítì kò rí ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n mú Jósẹ́fù jáde nínú túbú, ó fá irun rẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó sì túmọ̀ àlá náà pé ọdún méje ọ̀pọ̀ ń bọ̀, ọdún méje ìyàn yóò sì tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin ará, ká ní ibẹ̀ ni Jósẹ́fù dúró sí ńkọ́? Òtítọ́ ni ì bá ti sọ. Aríran tòótọ́ ni wọn ì bá máa pè é. Ebi ì bá sì pa Íjíbítì kú pẹ̀lú ìran tòótọ́ lọ́wọ́ wọn! Nítorí pé ìran kì í kọ́ àká. Ìran kì í gbé agbọ̀n, kì í wọn ọkà, kì í ti ilẹ̀kùn. Ìran a máa fi ohun tó ń bọ̀ hàn. Ọwọ́ ènìyàn ni yóò múra dè é.

Kí wá ni Jósẹ́fù ṣe? Kò dúró kí Fáráò bi í pé, kí ni ká ṣe sí i. Bó ti túmọ̀ àlá tán, ẹnu kan náà ló fi gbé ètò kalẹ̀ (ẹsẹ 33 sí 36). Ó ní kí wọ́n wá ọlọgbọ́n kan ṣe olórí. Ó ní kí wọ́n yan àwọn alábòójútó káàkiri ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa gba ìdá kan nínú márùn-ún. Ó ní ọdún méje ni wọn yóò fi gbà á. Ó ní inú àwọn ìlú ni kí wọ́n kó o pamọ́ sí. Ẹ ṣé ẹ rí i? Iṣẹ́ náà ní olórí, ó ní òṣìṣẹ́, ó ní iye, ó ní àkókò, ó ní ibi ìpamọ́.

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù nìyí: ní ẹsẹ 38 ni Fáráò ti jẹ́rìí pé Ẹ̀mí Ọlọ́run ń bẹ nínú ọkùnrin yìí. Ìgbà wo ló sọ ọ́? Kì í ṣe nígbà tí Jósẹ́fù túmọ̀ àlá tán nìkan. Ìgbà tó gbọ́ ètò náà tán ni. Ẹ̀mí kan náà tó ń fi ìran hàn ló ń fún ni ní ọgbọ́n ìdá kan nínú márùn-ún. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ká gbàdúrà nìkan, pé ìṣirò àti ètò jẹ́ ti ayé, kò tíì ka orí náà parí.

Nínú ìjọ wa, a gba ìran gbọ́, a kò sì ní fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a rí àwọn kan láàárín wa tí wọ́n ń ti orí pẹpẹ kan lọ sí òmíràn, láti Akpakpa dé Godomey, láti Godomey dé Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń gba ìran jọ bí ẹni ń gba ìwé ìpè. Wọ́n rí i pé wọn yóò di ẹni ńlá. Wọ́n tún rí i pé wọn yóò di ẹni ńlá. Ọdún mẹ́wàá kọjá, iṣẹ́ ọwọ́ kan wọn kò kọ́, gbèsè kan wọn kò san, ìwé kan wọn kò kọ. Àtùpà ni ìran. Bí èèyàn bá gbé àtùpà dání tó sì jókòó sójú kan, ibi tó jókòó sí náà ni àtùpà yóò máa tàn sí.

ṢÉ ÀYÀNMỌ́ KÒ GBÓÒGÙN NI?

Àwọn mìíràn á ní, ẹ fi wá sílẹ̀, bó ti wà lórí mi ni. Àwọn baba wa náà gbà pé kí ènìyàn tó wá sáyé, ó kúnlẹ̀, ó sì yan ìpín rẹ̀. A kò wá bá àwọn baba wa jà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ tí àwọn fúnra wọn lò: wọ́n ní ó yàn. Àní lójú wọn, ènìyàn kì í ṣe ẹrù tí wọ́n kàn dì. Ó ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Wọ́n sì mọ̀ pé orí rere láìsí ẹsẹ̀ tí yóò rìn, kò lè dé ibì kan.

Mósè ní tirẹ̀ fi ìyè àti ikú síwájú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, ó sì rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n yan ìyè (Diutarónómì 30:19). Bí ohun gbogbo bá ti parí kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ni Mósè tún ń rọ̀ wọ́n sí? Ọlọ́run kì í fi àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá ní kí o yàn, agbára àtiyàn wà lọ́wọ́ rẹ nìyẹn.

Ẹ wo aṣọ funfun tó wà lọ́rùn wa. Funfun ni àdìpọ̀ aṣọ náà nígbà tí a rà á lọ́jà, ṣùgbọ́n àdìpọ̀ aṣọ kì í wọ̀ lọ́rùn. Télọ̀ ní láti wọn èjìká, kó wọn apá, kó wọn gígùn dé ọrùn ẹsẹ̀, kó tó mú àlùmọ́gàjí. Bí kò bá wọ̀n ọ́n, tó kàn ń gé e, aṣọ mímọ́ náà yóò bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àdúrà kò sì ní lẹ ibi tó gé pọ̀. Ọlọ́run fún wa ní aṣọ, ìyẹn ni ọjọ́ ayé wa. Wíwọ̀n rẹ̀ ti kù sí wa lọ́wọ́.

OHUN TÍ OJÚ KÚTỌNU TI RÍ

Ẹ má jẹ́ ká lọ jìnnà. Ẹ jẹ́ ká wo ìlú tí à ń gbé.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972 ni ọ̀gágun Mathieu Kérékou gba ìjọba Dàhọ̀mì. Ní ọdún 1974 ó kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè yóò máa tọ̀. Ní 1975 Dàhọ̀mì di Bẹ̀nẹ̀. Ní àkókò náà, ẹni tó bá ti kàwé jáde, iṣẹ́ ìjọba ló ń retí. Bàbá á sọ fún ọmọ pé, ìwọ ṣáà kàwé, ìjọba á gbà ọ́. Ètò ayé ọmọ ti parí lójú bàbá: ìwé, iṣẹ́ ìjọba, owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì. Ẹlòmíràn ló yà á, ẹlòmíràn ni yóò kọ́ ọ, ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún ọ̀pọ̀ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1984 Nàìjíríà ti ẹnubodè, ó di 1986 kó tó ṣí i, ọjà Kútọnu sì mọ̀ ọ́n lára. Ìjọba kò lè gba gbogbo ẹni tó kàwé jáde síṣẹ́ mọ́. Nígbà tó fi di 1989, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń lo oṣù lórí oṣù láìrí owó gbà. Àwọn báńkì ìjọba dojú dé, owó àwọn tó fi pamọ́ síbẹ̀ sì há. Ilé-ìwé dá iṣẹ́ sílẹ̀ títí wọ́n fi fagi lé ọdún ẹ̀kọ́ náà pátápátá. Wọ́n pe irú ọdún bẹ́ẹ̀ ní ọdún funfun. Funfun yẹn kì í ṣe funfun aṣọ wa o! Funfun ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sí ni.

Ìgbà ìnira yẹn náà ni zẹ́mìjàn bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ lójú títì, àwọn ọlọ́kadà tiwa tí ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè. Orúkọ náà lédè Fọn dà bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé, gbé mi kíákíá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gun alùpùpù náà, ìwé wà lórí wọn, àwọn mìíràn ti dé yunifásítì. A mọ̀ pé àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ilẹ̀kùn tì mọ́ lójú, tó sì wá ọ̀nà tí yóò fi bọ́ ọmọ rẹ̀, iṣẹ́ ọlá ló ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: ẹni méjì ló gun alùpùpù náà. Ọ̀kan gùn ún, ó ní, òní ni mo mọ̀. Ó san owó fún ẹni tó ni ẹ̀rọ, ó ra epo, ó jẹun, ó sùn. Ogún ọdún kọjá, ó ṣì ń san owó fún ẹni tó ni ẹ̀rọ, ẹ̀yìn sì ti ń ro ó. Èkejì gùn ún, ó ní, ọdún mẹ́ta ni mo dá fún èyí. Ọdún kìíní, kí ẹ̀rọ di tèmi. Ọdún kejì, kí n kọ́ iṣẹ́ kan nírọ̀lẹ́. Ọdún kẹta, kí n yá ṣọ́ọ̀bù. Títì kan náà, eruku kan náà, oòrùn kan náà. Ètò ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Màlúù tó rù kò sì dẹ́kun àtimáa wá. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó wa kù: fàránkì Faransé kan tí à ń fi 50 fàránkì CFA gbà di 100. Ẹni tó ń ra ọjà láti òkè òkun rí i pé owó òun ti di ìdajì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà tún ti ẹnubodè, ó di oṣù kejìlá 2020 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Nàìjíríà, kpayo inú ìgò tí ọ̀pọ̀ wa ń tà, tí ọ̀pọ̀ wa sì ń rà, fò sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀.

A kò ka nǹkan wọ̀nyí láti dẹ́rù bà yín. A kà á kí ẹ lè mọ̀ pé màlúù tó rù kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹni tí kò ṣe ètò, ètò ẹlòmíràn ni yóò máa gbé e kiri. Wọn yóò jókòó ní Àbújá, tàbí ní Parisi, wọn yóò fọwọ́ sí ìwé, ọ̀bẹ̀ inú ìkòkò rẹ ní Kútọnu yóò sì dín kù.

ỌJỌ́ MẸ́WÀÁ NÍ KÚTỌNU, ỌJỌ́ MÉJÌLÉLÁÀÁDỌ́TA NÍ JERÚSÁLẸ́MÙ

Ìlú yìí kan náà ló sì kọ́ wa bí a ti ń jókòó ṣe ètò. Láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1990, nǹkan bí 500 aṣojú jókòó ní hòtẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo níhìn-ín. Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ló darí ìjókòó náà. Àwọn ẹlẹ́sìn wà níbẹ̀, àwọn olùkọ́ wà, àwọn àgbẹ̀ wà, àwọn ológun wà, àwọn tó ti ṣe olórí ìjọba rí náà wà. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni. Wọ́n sọ ohun tó bàjẹ́ ní gbangba, wọ́n yan Nicéphore Soglo láti ṣe olórí ìjọba fìdíhẹ, wọ́n sì dá ìgbà tí ohun gbogbo yóò parí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún náà, ará ìlú dìbò fún ìwé òfin tuntun. Ní oṣù kẹta 1991 wọ́n dìbò yan ààrẹ. Soglo wọlé, Kérékou gbé ìjọba sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fa ìbọn yọ sí ẹnìkejì rẹ̀. Ní 1996 Kérékou tún padà wá tọrọ ìbò bí ọmọ ìlú, ó sì wọlé.

A kò sọ pé Bẹ̀nẹ̀ di Párádísè láti ọjọ́ náà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìyà ṣì wà. Ohun tí à ń sọ ni pé odindi orílẹ̀-èdè tí àpò rẹ̀ gbẹ, tí báńkì rẹ̀ kú, kò ní kí òun kọ́kọ́ lówó kí òun tó ṣe ètò. Inú àìní ló ti ṣe é. Bí orílẹ̀-èdè bá lè jókòó ọjọ́ mẹ́wàá, ṣé ìwọ ọkùnrin kan, ìwọ obìnrin kan, kò lè jókòó òru ọjọ́ kan pẹ̀lú bébà àti pẹ́ńsùlù ni?

Ẹ wo Nehemáyà náà. Nígbà tó gbọ́ pé odi Jerúsálẹ́mù ti wó, ó sọkún, ó gbààwẹ̀, ó gbàdúrà fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò gbàdúrà tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọba bi í léèrè pé ìgbà wo ni yóò padà, kò dáhùn pé, bí Ẹ̀mí bá ti darí mi. Ó dá àkókò fún ọba (2:6). Ó ti mọ iye ìwé tó fẹ́ gbà, ó ti mọ orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ igbó ọba tí yóò fún un ní igi (2:8). Nígbà tó dé ìlú, kò pariwo. Ó jáde lóru, ó yí odi ká, ó fi ojú ara rẹ̀ wo ibi tó ti wó. Lẹ́yìn náà ni kálukú bẹ̀rẹ̀ sí mọ ibi tó kọjú sí ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ 52, odi parí (6:15). Oṣù mẹ́rin lórí eékún, ọjọ́ 52 lórí odi! Àdúrà tó gùn ló jẹ́ kí iṣẹ́ kúrú, nítorí pé lórí eékún náà ló ti ń ṣe ètò.

ÀKÁ MÉJÌ

Ẹ jẹ́ ká kìlọ̀ níbí, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀gún nínú. Ẹni méjì ló kọ́ àká nínú Bíbélì tí a fi kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Jósẹ́fù kọ́ àká. Ọkùnrin ọlọ́rọ̀ inú Lúùkù 12 náà fẹ́ kọ́ àká. Ó ní òun yóò wó èyí tó wà, òun yóò kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ. Àwọn méjèèjì ló ní ètò. Àwọn méjèèjì ló ka iye. Kí ló wá dé tí Ọlọ́run fi gbé ọ̀kan ga tó sì pe èkejì ní òmùgọ̀?

Ẹ tún un kà. Ọkùnrin ọlọ́rọ̀ náà ń bá ara rẹ̀ nìkan sọ̀rọ̀. Àká tirẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn lè gbà wọlé. Ti Jósẹ́fù ńkọ́? Nígbà tí ìyàn mú, ó ṣí gbogbo àká. Ará Íjíbítì jẹ, àlejò jẹ, àní àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tà á sóko ẹrú náà jẹ níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí o bá ń ṣe ètò ayé rẹ, bi ara rẹ pé: ta ni yóò jẹ níbẹ̀ yàtọ̀ sí mi? Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, dúró, tún un yà.

Jákọ́bù náà kìlọ̀ fún àwọn tó ń sọ pé ọ̀la àwọn yóò lọ sí ìlú báyìí, àwọn yóò ṣòwò, àwọn yóò jèrè (4:13-15). Kò ní kí wọ́n má lọ. Kò ní kí wọ́n má ṣòwò. Ó ní kí wọ́n fi ìfẹ́ Olúwa ṣáájú. Ètò onígbàgbọ́, pẹ́ńsùlù ni a fi ń kọ ọ́. Olúwa ni ọ̀pá tí a fi ń pa á rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá pa ìlà kan rẹ́, a ó dúpẹ́, a ó kọ òmíràn, ṣùgbọ́n a kò ní tìtorí pé ó lè pa á rẹ́ ká má kọ nǹkan kan.

BÍ A Ó TI ṢE É

Èkíní, jókòó. Yan òru kan, gbààwẹ̀ ọjọ́ náà bí ara rẹ bá gbà á, tan àbẹ́là rẹ, gbàdúrà. Lẹ́yìn àdúrà, má sùn. Mú ìwé. Kọ irú ayé tí o fẹ́ gbé sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó ṣe é fọwọ́ kàn. Má kọ pé, mo fẹ́ dára. Kọ pé, mo fẹ́ kí ọmọ mi obìnrin parí ilé-ìwé. Kọ pé, mo fẹ́ kúrò nínú ilé tí omi ń wọ̀ lákòókò òjò. Kọ pé, mo fẹ́ máa sùn láìjẹ gbèsè.

Èkejì, ka iye. Olúwa wa sọ nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ pé yóò kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí yóò ná an (Lúùkù 14:28). Ka ohun tó ń wọlé, ka ohun tó ń jáde, ka gbèsè, má ṣe yọ ọ̀kan sílẹ̀. Yóò dùn ọ́. Ẹni tó yí odi ká lóru, ojú rẹ̀ rí àwókù.

Ẹ̀kẹta, ya ìdá tìrẹ sọ́tọ̀. Bí ẹni tó ń rí 2,000 fàránkì lójúmọ́ bá lè ya ìdá kan nínú márùn-ún, 400 fàránkì nìyẹn. Bó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, ó di 10,400. Lọ́dún kan ó di 124,800. Bí ìdá kan nínú márùn-ún bá pọ̀ jù, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá kan nínú ogún. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń tajà ní Tọ̀kpá, ẹ̀yin ni ẹ mọ àjọ jù wá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín kí ẹ tó kó àjọ: kí ni mo ń kó o fún? Àjọ tí kò ní orúkọ, aṣọ ẹgbẹ́ ni yóò gbé e jẹ. Ìkórè dára, ẹ jẹ́ ká fi ayọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò bèèrè owó ilé-ìwé ọmọ rẹ lọ́wọ́ rẹ láti fi ra léèsì.

Ẹ̀kẹrin, dá àkókò. Ohun tí a kò bá dá ìgbà fún, lọ́jọ́ kan ṣáá ló ń jẹ́, lọ́jọ́ kan ṣáá kò sì sí nínú oṣù kankan.

Ẹ̀karùn-ún, bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé rẹ. Àwọn ará Jerúsálẹ́mù kò kọ́kọ́ sáré lọ mọ odi ìlú òkèèrè. Ọ̀dọ́ wa kan lè máa rò pé ètò ayé ni kí òun bá àwọn tó ń gba Agadez lọ sí Líbíà, kí òun kọjá òkun. Ọmọ wa, òkun yẹn ti gbé ọ̀pọ̀ ọmọ mì. Bí o bá fẹ́ lọ sí òkèèrè, gba ìwé, gba ojú ọ̀nà, kọ́ iṣẹ́ tí yóò dúró fún ọ níbẹ̀. Ẹni tó fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, kò ṣe ètò. Ó ta tẹ́tẹ́ ni.

Ẹ̀kẹfà, máa tún un wò. Ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan, gbé ìwé náà síwájú Ọlọ́run. Ibi tó bá yẹ ká dúpẹ́, dúpẹ́. Ibi tó bá yẹ ká yí padà, yí i padà.

Ọ̀RỌ̀ SÍ ÀWỌN ÒBÍ ÀTI ÀWỌN OLÙṢỌ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ ran ọmọ lọ́wọ́ láti ṣe ètò, ẹ má gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ mẹ́káníìkì, ẹ má fi tipátipá sọ ọ́ di akọ̀wé nítorí ojú ayé. Olúwa wa fúnra rẹ̀, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ní Násárẹ́tì (Máàkù 6:3), ojú kò sì tì í.

Ẹ̀yin olùṣọ́ àti ẹ̀yin wòlíì, nígbà tí ẹ bá rí i pé ire ń bọ̀ fún arákùnrin kan, ẹ sọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dìde lórí eékún kí ẹ tó bi í pé, àká dà? Ọwọ́ wo lo fi ń ṣiṣẹ́? Ta lo jẹ ní gbèsè? Bí a kò bá bi wọ́n, wọn yóò máa padà wá bá wa ní ọdọọdún fún ìran kan náà, àwa náà yóò sì jíhìn níwájú Ẹni tó rán wa.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí tí ọjọ́ orí rẹ ti lọ, tó ń sọ pé ó ti pẹ́ jù fún mi, ọ̀rọ̀ kan wà fún ọ. Jósẹ́fù jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà tó dúró níwájú Fáráò. Mósè jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún. Ọlọ́run kò bi ọ̀kankan nínú wọn pé, èwo lo ti ń bọ̀? Ó bi Mósè pé, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ? Ọ̀pá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pá náà ló sì lò.

Kí ló wà lọ́wọ́ tìrẹ?

ÀDÚRÀ

Olúwa Ọlọ́run, Ìwọ tó kọ́kọ́ pààlà sí omi kí ilẹ̀ tó hàn, kọ́ wa bí a ti ń pààlà sí ọjọ́ wa. Ìran tí O ti fi hàn wá, má jẹ́ kó kú sí wa lọ́wọ́. Fún ẹni tí kò níṣẹ́ ní ọgbọ́n iṣẹ́. Fún ẹni tó níṣẹ́ ní ọgbọ́n ìpamọ́. Fún ẹni tó ní ìpamọ́ ní ọkàn tí ń ṣí ilẹ̀kùn. Má jẹ́ kí ìyàn bá wa lójijì, má sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ sọ wá di òmùgọ̀. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.

ORIN LẸ́YÌN Ẹ̀KỌ́

1. Olúwa, Ìwọ tó wọn òkun,
Tó mọ ibùgbé ìràwọ̀,
Kọ́ mi kí n wọn ọjọ́ ayé mi,
Kí n má fi ọ̀kan ṣòfò.

Ègbè: Mú ọwọ́ mi, fi ọgbọ́n sí i,
Kí àká mi má ṣófo;
Kí aládùúgbò mi lè rí jẹ
Lọ́jọ́ tí ìyàn bá dé.

2. Bí O bá pa ìlà mi rẹ́,
Èmi kò ní bínú sí Ọ;
Ìwọ ni Ọ̀gá, èmi ọmọ-iṣẹ́,
Kọ́ mi bí n ó tún un kọ.

Halleluyah!